Àmì Ẹ̀yẹ Ìyá Àmì

Ìwé iṣẹ́ náà tẹ̀ mí lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀, tí wọ́n tún lẹ nǹkan mìíràn lé lórí, àfi bíi pé ẹnìkan fẹ́ jí i kà. Mo fi ẹnu irin iṣẹ́ mi ya á.

Iṣẹ́ mi ni kí n gbẹ́ lẹ́tà sára idẹ. Ó di ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń ṣe é, nínú yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Káfíńtà ni ọkọ mi, òun ló ń fá pákó tí a máa ń kan idẹ náà mọ́. Tí ẹ bá rí àmì ẹ̀yẹ lára ògiri ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni ní ìlú wa, ẹ wo ìsàlẹ̀ igun ọ̀tún dáadáa, ẹ máa rí tóótó kékeré kan níbẹ̀. Èmi nìyẹn. Ọdọọdún ni kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ tó wà ní yunifásítì máa ń bu ọlá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn àtijọ́ tó ti gòkè àgbà, ọdọọdún náà ni wọ́n sì máa ń gbé iṣẹ́ ọ̀hún wá fún mi.

Márùn-ún ni wọ́n lọ́dún yìí. Orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lókè, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì wà lábẹ́ ẹ̀ tó sọ irú ènìyàn tí ẹni náà jẹ́. Wọ́n kọ “Aṣáájú” fún bàbá kan tó ti ṣe olórí gbogbo iléèwé agbègbè. Wọ́n kọ “Òǹkọ̀wé” fún obìnrin tó kọ ìwé ìṣirò tí àwọn ọmọ mi lò. “Olùdásílẹ̀,” “Olùdámọ̀ràn.” Gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, títí mo fi kan ẹnì karùn-ún, tó jẹ́ pé tìtorí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń yára ṣí ìwé náà.

Wọ́n kọ “Olùkọ̀” síbẹ̀.

Mo gbé awò mi sójú, mo tún un kà. Mo gbé ìwé náà lọ sí ojú fèrèsé. Kò yí padà. Àmì tó yẹ kó gòkè lórí ọ ìkẹyìn yẹn ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ènìyàn níwèé ni olùkọ́. Ẹni tí wọ́n bá ní kó ṣe nǹkan tó ní òun ò ṣe, ẹni tí kì í gbà, ìyẹn ni olùkọ̀. Nínú gbogbo ènìyàn tó wà láyé, ẹni tí wọ́n máa ṣi àmì fún wá jẹ́ Ìyá Àmì. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé omi wà lórí iná.

Ìyá Àmì ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹta, níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọ kíláàsì la sọ wọ́n bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan jáde lọ níhòòhò. Ẹ̀wù ọ̀rọ̀ ni àmì ohùn lójú tiwọn. Tí wọ́n bá pe ọ̀rọ̀ kan, gbogbo kíláàsì ló máa fi ara kọ ọ́: tó bá jẹ́ mí, a ó dìde dúró, tó bá jẹ́ re, a ó jókòó, tó bá jẹ́ dò, a ó lóṣòó sílẹ̀. Wọn a ní, “Olùkọ́,” a ó jókòó, a ó lóṣòó, a ó fò dìde. Ẹni tó bá ń kọjá níwájú kíláàsì wa á rò pé orí gbogbo wa ti dàrú.

Èmi ní tèmi, mi ò mọ̀wé kà rárá. Lẹ́tà kì í dúró jẹ́ẹ́ fún mi. Mo máa wo b báyìí, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kọ̀yìn sí mi, ó ti di d. Ọdún méjì ni mo lò ní kíláàsì kẹta yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbà pé ọ̀dẹ̀ ni mí, títí kan èmi fúnra mi. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àmì tú iyanrìn sínú páálí, wọ́n di ìka mi mú, wọ́n fi kọ lẹ́tà sínú ẹ̀. Wọ́n ní, “Ojú ẹ ló ń purọ́ fún ẹ. Ọwọ́ ẹ kì í purọ́. Ọwọ́ la máa fi kà á.” Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ mí ní Ọlọ́wọ́, orúkọ yẹn ni wọ́n ṣì ń pè mí di òní. Ẹ ò wá rí i pé kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń sọ pé àwọn ni wọ́n fún mi ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun.

Ní báyìí, ojú tiwọn ló ti ṣe bàìbàì. Wọn ò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ. Ìka ni wọ́n fi ń mọ ife, tí wọ́n fi ń mọ bọ́tìnì ẹ̀wù. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gba idẹ yẹn, wọn ò ní wò ó, wọ́n máa fi ìka kà á ni. Àmì tí ẹlòmíràn lè má rí, ìka wọn ò ní fò ó láéláé.

Èmi ni mo sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ náà. Kọ́lẹ́jì yẹn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, àwọn ni ẹgbẹ́ kejì tó jáde níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọ fọ́ọ̀mù. Ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tó ń béèrè “ipò tó ga jù lọ tí ẹni náà dé.” Lọ́dún àkọ́kọ́, mo kọ “olùkọ́ kíláàsì” síbẹ̀, wọ́n fa ìlà pupa sí i, wọ́n dá a padà. Lọ́dún kejì, mo kọ ohun kan náà, mo fi lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin tì í lẹ́yìn. Wọ́n dá a padà pé kí n jọ̀ọ́, kí n kọ ipò. Lọ́dún kẹta, ara mi ò gbà á mọ́. Mo kọ ọ́ pé: “Kíláàsì kẹta. Wọ́n dé ibẹ̀, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ wá ẹlòmíràn tó dúró tó bẹ́ẹ̀ wá.” Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ di Ọ̀gá Kọ́lẹ́jì lọ́dún yẹn. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á wọlé.

Mo ti bi Ìyá Àmì rí ìdí tí wọn ò fi di ọ̀gá iléèwé, nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti di alábòójútó káàkiri. Wọ́n ní, “Ṣé o ti fọ abọ́ tó wà nílẹ̀ yẹn?” Bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn nìyẹn tí wọn ò bá fẹ́ dáhùn.

Mo gbé ìwé iṣẹ́ náà lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbìmọ̀ àmì ẹ̀yẹ ní kọ́lẹ́jì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni Ìbuwọ́lù ni gbogbo wa ń pè é, ó sì mọ̀. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni. Ó fi rúlà wọn bí gègé rẹ̀ ṣe jìnnà sí etí tábìlì, ó sì lẹ bébà kan mọ́ ara fèrèsé tí ń bẹ lójú ẹni tó bá wọlé: KÒ SÍ ÀTÚNṢE LÁÌSÍ ÌBUWỌ́LÙ. Nítorí tèmi ni bébà yẹn ṣe dé ibẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo rí h kan nínú orúkọ ẹnìkan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, mo yọ ọ́. Ó wá jẹ́ pé bí bàbá bàbá onítọ̀hún ṣe ń kọ orúkọ náà nìyẹn láti àárọ̀ ọjọ́. Ọkùnrin náà gbé àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ jù sórí tábìlì lójú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé màá máa gbé irin mi dání lọ síbi ayẹyẹ.

“Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ ti parí ẹ̀ ni?”

“Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣi àmì kan.” Mo tẹ́ ìwé náà síwájú ẹ̀, mo fi ìka sí i.

Ó tẹ orí ba, ó wò ó títí. “Mà, n ò ní purọ́ fún yín. Èmi ò mọ àmì. Ìbuwọ́lù ni mo mọ̀, ó sì wà nísàlẹ̀ níbí.”

“Olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tẹ́ ẹ kọ síbí, olùkọ̀ ni. Kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́ ni yín, ẹ ò sì mọ olùkọ́ kọ.”

“Ẹ máa rọra, mà. Mo máa bi wọ́n. Àmọ́ tí wọn ò bá yí i padà, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó wà nínú ìwé ni kí ẹ gbẹ́. Ọ̀rọ̀ h ọjọ́sí ṣì wà lára mi.”

Ọjọ́rú ló tó pè mí. Mo fi èjìká gbá fóònù mọ́ etí, nítorí òróró wà lọ́wọ́ mi.

“Mo ti bi wọ́n, mà.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní bó ṣe yẹ kó wà gan-an nìyẹn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọ́n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.”

“Wọ́n rẹ́rìn-ín?”

“Rẹ́rìn-ín dáadáa, mà.”

Mo pa fóònù. Mo ń rí ìgbìmọ̀ náà lójú mi, wọ́n jókòó yí tábìlì ká, ife tíì níwájú kálukú, wọ́n ń fi àmì orí ọ̀rọ̀ ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pè é ní ìyá mi, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bí mi ti kú kí n tó mọ lẹ́tà kankan.

Ọkọ mi ń fi ránńdà fá pákó nígbà tí mo jáde sí i. Ó wo ojú mi, ó gbé ránńdà sílẹ̀.

“Ta ló ṣẹ̀ ẹ́? Kí n mọ ibi tí mo máa gbà sá.”

Mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lápá ẹ̀.

“Gbẹ́ ohun tí wọ́n kọ. Ìwé á gbè ẹ́ lẹ́yìn. Tó o bá tún un ṣe, wọ́n á ní obìnrin tó yọ h tún ti dé.”

“Kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀.”

“Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ kọ́lẹ́jì lọ́wọ́ wa ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé wọ́n gbà á. Mi ò lè fi ọwọ́ tí wọ́n fi kọ́ mi gbẹ́ ìranù fún wọn.”

Ó gbé ránńdà padà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “Ṣé o ò kúkú lè lọ bi ìyá fúnra wọn ni?”

Mo yí padà sí i bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. “Kí n lọ sọ fún wọn pé kọ́lẹ́jì tó fẹ́ yẹ́ wọn sí ò mọ orúkọ iṣẹ́ wọn kọ? Kí inú wọn bàjẹ́ kí ọjọ́ tó pé?” Yàtọ̀ síyẹn, kọ́lẹ́jì ti kìlọ̀ pé ohun tó bá wà lára idẹ, àṣírí ni títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ọkọ mi tẹ́rí ba sórí pákó ẹ̀. Tó bá ti rí i pé mo ti gbé nǹkan sórí, ó máa ń fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ ni.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo gbẹ́ ẹ, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí ẹnu irin kì í tàn lójú ẹni. Mo fi léèdì fa ìlà méjì. Mo kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn, mo gbẹ́ ẹ. Mo wá kan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Idẹ kì í dárí jini. Tí irin bá ti kọjá lójú ẹ̀, ó ti kọjá nìyẹn; tí ẹ bá fẹ́ pa á rẹ́, àfi kí ẹ fá gbogbo ojú rẹ̀ nù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo gbẹ́ o, mo gbẹ́ l, mo gbẹ́ u, mo sì fi àmì tó ń sọ̀ sórí ẹ̀. Mo gbẹ́ k. Mo gbẹ́ ọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, mo ki irin sí idẹ, mo tì í lọ sókè lápá ọ̀tún. Mo gbà á wọlé ju àwọn tó kù lọ, kí ìka wọn lè tètè bá a. Nígbà tí mo fi aṣọ nù ún tán, mo di ojú mi, mo fi ìka mi tọ ọ̀nà tiwọn. Re, dò, mí. Inú mi dùn, n ò ní tàn yín. Mo ní ó tán, kí ìgbìmọ̀ máa bọ̀.

Gbọ̀ngàn kọ́lẹ́jì ti kún ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n to àga bí ìlà ìwé, wọ́n na aṣọ funfun sórí tábìlì iwájú, afẹ́fẹ́ fáànù sì ń gbé etí aṣọ náà. Ọ̀gbẹ́ni Ìbuwọ́lù wá fi ìwé rẹ̀ yẹ iṣẹ́ mi wò. Ó yẹ mẹ́rin wò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìkarùn-ún wà lórí itan mi, mò ń fi aṣọ nù ún, mo sì ń nù ún sí i.

“Ó ti ń dán tó, mà.”

“Kò tíì dán tó.”

Wọ́n pè é sórí pèpéle, ló bá lọ. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe ò dáa sí i, ọmọlúàbí ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu.

Ìyá Àmì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nínú ẹ̀wù àwọ̀ sánmà tí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ wà lójú ihò tó tọ́. Wọ́n ní, “Ọlọ́wọ́, kí lò ń họ bí ẹni tí ara ń yún?”

“Kò sí nǹkan kan, mà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Mo rí i pé ẹ̀rín kan wà létí ẹnu wọn, àfi bíi pé àwọn náà ní nǹkan tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún mi.

Aṣáájú gba tiẹ̀, Òǹkọ̀wé gba tiẹ̀, Olùdásílẹ̀ sọ̀rọ̀ títí gbogbo wa fi ń wo aago. Nígbà tó kan Ìyá Àmì, mo fa ọwọ́ wọn gun orí pèpéle. Ọ̀gá Kọ́lẹ́jì ka fọ́ọ̀mù tí mo kọ bó ṣe wà, “wọ́n dé ibẹ̀, wọn ò sì kúrò níbẹ̀,” gbogbo gbọ̀ngàn pa àtẹ́wọ́. Ó gba idẹ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Wọn ò gbé e sókè fún àwọn tó ń ya fọ́tò bí àwọn tó kù ti ṣe. Wọ́n gbé e lé orí tábìlì tó wà níwájú makirofóònù, wọ́n sì fi ìka wá orúkọ wọn. Wọ́n kà á tán, wọ́n mi orí. Ìka sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì. “Re,” wọ́n ní, ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n makirofóònù gbé e. “Dò.” Ìka dé orí ọ ìkẹyìn. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún bọ̀.

“Mí,” wọ́n ní. Ẹ̀rín etí ẹnu wọn ti lọ.

Wọ́n yí ojú sí apá ibi tí mo wà. “Ọlọ́wọ́. Ṣé ìwọ lo tún un ṣe?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ṣì í kọ, mà.”

“Ta ni ‘wọ́n’?”

“Ìgbìmọ̀ ni, mà.”

“Èmi ni mo kọ ọ́.”

Ọ̀gá Kọ́lẹ́jì fọwọ́ kan apá mi, ó ní gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ́ dá lọ́lá ni kọ́lẹ́jì kọ̀wé sí pé kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ kan. Mo wo Ọ̀gbẹ́ni Ìbuwọ́lù níbi tó dúró sí lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ ní ẹ bi wọ́n,” mo ní.

“Mo bi wọ́n lóòótọ́, mà. Ìyá fúnra wọn ni mo bi.”

“Ẹ ò sọ pé ìyá. ‘Wọ́n’ lẹ ń wí.”

“Ṣé kí n máa pe àgbàlagbà bí ìyá ní ‘ó’ ni, mà?”

Àwọn tó wà ní ìlà iwájú rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Ìyá Àmì na ọwọ́, wọ́n wá èjìká mi rí, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn síbẹ̀. Wọ́n wá kọjú sí gbọ̀ngàn.

“Àkọtọ́ tí mo kọ́ ọmọ yìí kò lọ lásán,” wọ́n ní. “Máàkì ẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo kọ nìyẹn. Ní ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn alábòójútó ń bọ̀ wá dán kíláàsì mi wò. Ọ̀gá iléèwé wa pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní ọmọ mẹ́ta wà tó máa fa iléèwé sẹ́yìn, kí n fa ìlà sí orúkọ wọn nínú ìwé ìdánwò, kí n sì sọ fún òbí wọn kí wọ́n mú wọn lọ kọ́ṣẹ́. Mo kọ̀. Ó ní kí n lọ rò ó. Mo lọ rò ó, mo padà wá, mo tún kọ̀. Ó bá ṣí fáìlì mi lójú mi, ó kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé, ‘Obìnrin yìí kì í ṣe olùkọ́, olùkọ̀ ni.’ Ó mọ àmì, ẹ jẹ́ kí n fún un ní tiẹ̀. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé mi sókè, wọ́n máa ṣí fáìlì, wọ́n máa rí ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n máa pa á dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́ ní kíláàsì kẹta. Nígbà tí ẹ wá ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan, mo mú un. Mi ò tíì gba orúkọ tó wù mí tó o rí.”

Wọ́n tẹ ọwọ́ mọ́ èjìká mi. “Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ló gbẹ́ idẹ yìí.”

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ariwo àtẹ́wọ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo ti fi ọdún mẹ́ta bá fọ́ọ̀mù jà nítorí pé wọn ò ní ipò, mi ò mọ̀ pé èmi gan-an nipò ọ̀hún. Omi lé ròrò sí mi lójú, mi ò sì nù ún.

“Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa gbẹ́ ẹ,” wọ́n ní, sí etí mi nìkan báyìí. “Mo rò pé tó o bá rí i, wàá wá bi mí pé kí ló dé. Látàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo ti ń retí ẹ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Ojú títì mi ò ṣeé fẹnu sọ.

“Ẹ jẹ́ kí n gbé e padà lọ sílé, mà. Mo máa fá ojú ẹ̀ nù, mo máa gbẹ́ òmíràn.”

“Rárá. Irọ́ kọ́ ni ìwọ náà gbẹ́. Ṣé irin ẹ wà lọ́wọ́ ẹ?”

Ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣé gan-an, h ọjọ́sí.

“Fi ìkejì sí i,” wọ́n ní. “Kí méjèèjì jọ wà lórí ẹ̀.”

Nígbà tí àwọn ènìyàn ń dìde lọ mu omi, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì orí pèpéle, mo gbé idẹ lé e. Ọ̀gbẹ́ni Ìbuwọ́lù wá dúró tì mí. Mo rò pé ó fẹ́ dá mi dúró. Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ síwájú Ìyá Àmì, ó fi gègé sí wọn lọ́wọ́, ó sì júwe ibi tí wọ́n máa bu ọwọ́ lù, nítorí pé àtúnṣe ni. Wọ́n bu ọwọ́ lù ú. Orí àmì òkè tí mo ti gbẹ́ yẹn ni mo ki ẹnu irin sí, mo sì mú un sọ̀ kalẹ̀ lápá ọ̀tún, ìka wọn ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Àmì méjèèjì pàdé lókè, wọ́n rí bí òrùlé tó bo ọ náà.

Ọ̀gá Kọ́lẹ́jì tẹ̀ wá wò ó. “Mà, báwo la ṣe máa pe eléyìí báyìí?”

“Mi ò mọ̀,” Ìyá Àmì wí. “Kò sí nínú ìwé tí mo fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ̀yìntì, mo lè ṣe bó ṣe wù mí.”

Nígbà tó ku àwa méjì, mo béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè látọjọ́ Ajé. “Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ kọ̀? Mi ò mọ nǹkan kan nígbà yẹn.”

“Jókòó,” wọ́n ní. Mo jókòó. “Ẹ̀yin ọmọ lẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ yín sínú ìwé ìdánwò yẹn, kálukú tiẹ̀. Ọ̀gá fún mi ní gègé pupa, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ látorí tìẹ. Mo wo orúkọ ẹ. Lẹ́tà ẹ wọ́ bí ejò, àmọ́ gbogbo àmì ẹ̀ ló pé. Ọjọ́ yẹn lo kọ́kọ́ kọ ọ́ láìṣi ọ̀kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fa ìlà gba orí orúkọ tó pé bẹ́ẹ̀ kọjá?”

Mo gbọn lẹ́búlẹ́bú idẹ kúrò lójú iṣẹ́ náà, mo fi aṣọ dì í, mo sì di apá wọn mú títí a fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tán.